Ẹ̀yin tó ti gun òkè Ṣábẹ̀ẹ́ rí, ẹ wá sọ tiyín

Ará Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ní tirẹ̀ náà wá fi lé e.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mí, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí, níbi tí Ṣábẹ̀ẹ́ náà wà. Lọ́dọ̀ tiwa, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ dé etí ọ̀sà. Ẹni tó bá fẹ́ wo ọ̀nà jíjìn, àfi kó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nígbà tí ọkọ̀ wa sún mọ́ Ìdààṣà tí àpáta ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lọ́tùn-ún lósì, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ṣábẹ̀ẹ́ tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò tíì wọ ìlú tí ẹ ó ti rí àwọn òkè náà lókèèrè, roboto, àpáta gbalaja láìsí igi lórí, tí ilé àwọn èèyàn sì wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀ ló pè mí. Ó ní kí n má wá nígbà ọyẹ́. Èmi rò pé ọyẹ́ gan-an ló yẹ, torí pé ara á tutù. Ó ní ara á tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku á ti bo ojú ọ̀run, mo máa gùn débẹ̀ tán, mi ò sì ní rí nǹkan kan. Ó ní kí n jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ ojú sánmà ná. Ẹ̀yin tó ń gbèrò àtilọ, ẹ fi èyí sọ́kàn: lẹ́yìn òjò ni, nígbà tí àpáta bá ti gbẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó mú mi lọ kí bàbá àgbà kan ládùúgbò ẹsẹ̀ òkè. A mú obì àti ọtí dání. Bàbá ní ibì kan wà lára òkè tí àwọn ń bọ, kí a má yà síbẹ̀, ó sì ní kí ọmọkùnrin ọdẹ kan nílé òun mú wa lọ. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Òkè náà ní àwọn tó ni ín.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí a ti bọ́ sọ́nà. Ìsàlẹ̀ ò le: pápá, ebè iṣu, igi kajú. Lẹ́yìn náà ni àpáta fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà mọ́. Ọdẹ kọ́ wa bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Ó ní kí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ wa balẹ̀, kí a má sì dojú bolẹ̀ mọ́ àpáta, torí ẹni tí ẹ̀rù bá mú kó lẹ̀ mọ́ ọn gan-an ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀. Ara àpáta yẹn rí ṣákiṣàki, tó bá ti gbẹ, ó ń di bàtà mú dáadáa. Àwọn ìlà dúdú gbọọrọ tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ yẹra fún. Ọ̀nà omi òjò ni, ohun tó hù síbẹ̀ máa ń yọ̀ bí ilá bí omi bá kàn án.

Ibi kan wà tí àpáta ti ń bó ní ìpele-ìpele. Inú ilẹ̀ ni irú àpáta yìí ti dì láti àtètèkọ́ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ orí rẹ̀ ṣí kúrò, ara rẹ̀ tú, awọ òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, oòrùn àti òjò sì ń bá a ṣe é lọ. Ọdẹ á fi ìkúùkù gbá ìpele kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá dún bí ẹni pé inú rẹ̀ ṣófo, a ò ní débẹ̀. Lókè tán, àpáta méjì sún mọ́ra: ẹ̀yìn la fi ti ọ̀kan, ẹsẹ̀ la fi ti èkejì, a sì ń sún díẹ̀díẹ̀. Àyà mi ń lù kìkì.

Bí a ṣe yọ sí góńgó, oòrùn ń yọ láti ìhà Nàìjíríà. Ẹ̀yin ará, mi ò tíì rí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Páànù ilé Ṣábẹ̀ẹ́ ń dán nísàlẹ̀, èéfín ìdáná ń lọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú irin tó ti Kútọnu wá sì la pápá kọjá tààrà lọ sí ọ̀nà Parakou. Òkè mìíràn àti mìíràn tún dúró nínú pápá, oníkálukú lọ́tọ̀. Ọdẹ nawọ́ sí ìlà-oòrùn, ó ní odò Ọ̀kpárá wà lọ́hùn-ún, níbi tí ààlà wà. Ó tún nawọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí igi ti ṣú dùdù, ó ní odò Wẹ̀mẹ̀ nìyẹn. Wẹ̀mẹ̀ kan náà tó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà lọ́dọ̀ wa! Omi tí mo mọ̀ láti kékeré, ibi tó ti ń bọ̀ ni mo ń wò. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi fún yín tán.

Nígbà tí a ń bọ̀, ó fi abẹ́ àpáta ńlá kan hàn wá. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá òun sá sí nígbà ogun Dàhòmì. Mo jókòó síbẹ̀. Láti ibẹ̀, kò sí ẹni tó lè la pápá bọ̀ tí ojú ò ní tó.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n. Orí mi wú bí mo ṣe ń ka tiyín. Ẹsẹ̀ òkè yẹn ni wọ́n bí mi sí. Orí àpáta ni ìyá ìyá mi ti ń sá láfún, àwa ọmọdé la máa ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀. A ò gùn ún kọjá ibẹ̀. Ìgbà tí mo ti ń gbé Kútọnu, tí mo mú àwọn ọmọ wálé, ni mo tó dé góńgó. Ọmọ mi obìnrin béèrè pé, "Màmá, ìlú tiwa nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Omijé sì ń dà lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé kí oòrùn tó mú ni kí ẹ ti sọ̀kalẹ̀. Àpáta yẹn máa ń gbóná, kì í sì tètè tutù, kódà nírọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀dà kọ orúkọ yín sí i lára. Ó ń dùn mí gan-an bí mo bá rí i. Òkè yẹn ló dá wa sí.

Bàbá Kétu:

Mo kí yín láti Kétu. Ìsìnkú ló gbé mi dé Ṣábẹ̀ẹ́ tí mo fi gùn ún. Kétu ò ní àpáta. Ògiri àti yàrà ni àwọn baba wa gbójú lé, pẹ̀lú Àkàbà Ìdẹ̀nà lẹ́nubodè. Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè wá wò ó. Ní 1886, Dàhòmì dó ti ìlú títí wọ́n fi kó o. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Gbogbo èyí ni mò ń rò lórí òkè yẹn, kì í ṣe ẹwà nìkan.

Ará Àjàṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìyàwó mi fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ ń bà á lẹ́rù.

Ará Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun, bàbá. Sísọ̀kalẹ̀ ló le ju gígùn lọ lóòótọ́. Kí màmá wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó rọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Ibi tó bá ga jù, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fi ìdí wọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó mọ̀nà máa lọ níwájú wọn. Ẹ gbé omi tó pọ̀ dání, torí kò sí ìkankan lókè. Kò pọn dandan kí wọ́n dé góńgó. Láti ìdajì ọ̀nà, wọ́n á ti rí gbogbo ìlú. Ẹ sì ra wàgàsì, ìyẹn wàrà àwọn Fúlàní, lójú ọ̀nà, òun àti gàrí la jẹ lókè.