Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń ṣe tí ariwo bá ń da ọmọ láàmú nínú ẹgbẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ọmọ yín nílé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 7, ní autism (ìyẹn ni pé ọ̀nà tí ọpọlọ ẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ọmọ), a ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan tó ń gba gbogbo ọmọ mọ́ra, wọ́n sì ń ṣe dáadáa sí wa. Àmọ́ tí wọ́n bá ti ń pàtẹ́wọ́ kọrin báyìí, á fọwọ́ di etí ẹ̀ méjèèjì, á wọ abẹ́ tábìlì lọ, ibẹ̀ ló máa wà títí a ó fi lọlé. Tó bá jẹ́ àwòrán ni wọ́n ń yà, kò sí wàhálà rárá, á tiẹ̀ máa fa ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ pé kó wá wo tòun. Ṣé kí n ní kí wọ́n ya kọ̀rọ̀ kan tó dákẹ́ sọ́tọ̀ fún un ni, àbí kí n ra nǹkan ìbòtí? Mi ò fẹ́ fipá mú un o.