Ṣé «aláṣà tó yàtọ̀» ni, àbí «aláṣà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀»?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà dábàá pé kí a pe ẹ̀kọ́ tí ń múra àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀ fún ènìyàn láti inú ẹ̀yà gbogbo ní «ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àwọn aláìsàn aláṣà tó yàtọ̀». Inú mi dùn pé wọn kò pe iṣẹ́ náà ní «ìṣègùn ahọ́n», nítorí ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, inú ọpọlọ ni ọ̀ràn tirẹ̀ wà; àti pé ní Ìlọrin níbí, bí a bá ti dárúkọ ìṣègùn, omi wàláà, ìyẹn omi tí a fi fọ ẹsẹ Kùránì kúrò lára pátákó, tàbí àgbo ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ.

«Aláìsàn» kò tọ́, nítorí ọmọ tó ń kólòlò kò ṣàìsàn. Ẹnìkan ti fi «oníbàárà» rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn nìkan ló ya oníbàárà tí ń rajà sọ́tọ̀ sí oníbáárà tí ń tọrọ owó, kò sì yẹ kí ẹni tó ń kọ́ àtúnṣe ọ̀rọ̀ sísọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú ewu bẹ́ẹ̀. «Ẹni tí à ń tọ́jú» gùn díẹ̀, àmọ́ ó tó.

«Yàtọ̀» gan-an ni àríyànjiyàn mi. Ohun tó bá yàtọ̀, ó yàtọ̀ sí nǹkan kan ni. Sí ta wá ni? Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti fi ara rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n nìyẹn. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo ní Ìlọrin, Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Nupe àti Ìbàrùbá lè jókòó pọ̀, ọmọ Yorùbá sì lè jẹ́ ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ Nupe yóò tọ́jú. «Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀» fún oníkálukú ní tirẹ̀, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, iṣẹ́ náà nílò «ìyàtọ̀» fún ohun mìíràn, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni bí a ṣe ń ya ìyàtọ̀ kúrò lára àléébù. Ọmọ tó wá láti apá Èkìtì ní Kúwárà tó pe ilé ní «ulé» kò ní àléébù kankan. Ọmọ Fúlàní tó da ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ pọ̀ lè má ní in, nítorí èdè ìyá rẹ̀ kì í fi ohùn ya ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ní ọ̀rọ̀ ọmọ náà ń já nínú èdè ilé pẹ̀lú, àléébù ni kí a máa wá. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè méjèèjì kó tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, nípasẹ̀ ògbufọ̀ tí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, nítorí ìfẹ́ lè mú kí ẹ̀gbọ́n tún ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ ṣe kó tó sọ ọ́ jáde. Bákan náà ni bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ kọ «kò wojú mi» sílẹ̀ nípa ọmọ kan: ọmọ tí a kọ́ pé kí ó má ranjú mọ́ àgbà, ẹ̀kọ́ ilé ló ń lò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní «àléébù» le jù. Níwájú òbí, ẹ jẹ́ kí a máa lo «ìṣòro». Nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? «Ìṣòro» gbòòrò jù: àìrówó wọkọ̀ wá síbi ìtọ́jú pàápàá, ìṣòro ni, nítorí náà, àléébù ni mo fara mọ́ níbẹ̀.

Àbá mi ni «ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ láàrin aláṣà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀». Bí Ìbọ̀lọ́, ẹ̀ka-èdè Ọ̀fà, bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú jù ú lọ, kí ẹ̀gbọ́n bá wa mú un wá.