Ètò kọ̀ǹpútà wo ni kí n fi kọ́ ọmọ ọdún 3 ní máòsì?

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Àdùkẹ́ mi ti pé ọmọ ọdún 3. Fóònù ò ṣòro fún un rárá, ohun tó bá wù ú ló ń fìka tẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé máòsì fún un, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa ń wò, kì í wo ojú kọ̀ǹpútà. Bí ọfà bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbé máòsì sókè, á máa fi na tábìlì. Ètò wo ni kí n gbé síbẹ̀ fún un? Mi ò fẹ́ èyí tí ìpolówó ọjà ń yọjú nínú rẹ̀ o.

Olùkọ́ Jẹ́léósinmi:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Àdùkẹ́. GCompris ni kí ẹ gbé síbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó níbẹ̀, ọmọ ọdún 2 sí 10 ni wọ́n sì ṣe é fún. Eré kan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ ò ní tẹ nǹkan kan: búlọ́ọ̀kù ló bo àwòrán, ibi tí ọfà bá gbà kọjá ni búlọ́ọ̀kù ti ń pa rẹ́, títí àwòrán á fi hàn tán. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí pé títẹ̀ kọ́ ni ìṣòro Àdùkẹ́. Lórí fóònù, ibi tí ìka wà ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀. Ti máòsì yàtọ̀: ọwọ́ ń rìn lórí tábìlì, ọfà ń rìn níwájú, ọmọ ló máa so méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn yé e dáadáa kí ẹ tó bọ́ sí eré tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ọmọ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ kó sì máa wọ́ ọ lọ ló le jù, ẹ má kánjú débẹ̀.

Ẹ dín ìsáré ọfà kù, kí ẹ sì sọ ọ́ di ńlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má di ọwọ́ rẹ̀ mú láti bá a darí máòsì. Ṣe lọmọ máa dẹ ọwọ́ sílẹ̀, tí ẹ̀yin á sì máa ṣe é.

Bàbá Ọlá:
Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ. Bó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ̀, ẹ fi Tux Paint kún un, kó máa ya àwòrán. Ọ̀fẹ́ lòun náà. Bọ́tìnnì òsì nìkan ló ń gbà, kí ọmọ má baà fi èyí tí kò yẹ kọ́ra.

Ìyá Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Báwo ló ṣe yẹ kó pẹ́ tó nídìí rẹ̀?

Olùkọ́ Jẹ́léósinmi:
Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ ọdún 3 má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́ níwájú ojú ẹ̀rọ, pé kó tiẹ̀ dín sí i ló dára. Tẹlifíṣọ̀n àti fóònù wà nínú wákàtí yẹn o. Ní tèmi, ìgbà tó ṣì ń dùn mọ́ ọn ni kí ẹ ti pa kọ̀ǹpútà.