Ìwé ìtàn tí mò ń kà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi: ṣé kí n dá a dúró?

Télọ̀ Mọ́pà
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, láti Sọ́ńdè ni mi ò ti sùn dáadáa.

Aṣọ ni mò ń rán ní Mọ́pà, ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló wà lọ́dọ̀ mi, obìnrin ni gbogbo wọn. Lásìkò ooru yìí, bí iná bá ti lọ lọ́sàn-án, a máa ń kó àga lọ sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Àwọn á máa gán etí aṣọ, èmi á máa ka ìwé. Nọ́fẹ́ẹ̀lì àwọn onígbàgbọ́ ni, àbúrò mi tó ń gbé Abuja ló máa ń kó wọn wálé bó bá ń bọ̀ fún Kérésì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, nítorí náà bí mo ṣe ń kà á ni mo ń yí i sí Yàgbà, èdè ilé wa.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa báyìí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló jà nítorí ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá, wọn ò kíra wọn, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Nígbà tí a dé ibi tí ẹ̀gbọ́n ti rí àbúrò rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tó sì kọjú sí fèrèsé bí ẹni tí kò rí i, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mi ò bi í léèrè. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló gbàyè, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun ní Ìsánlú. Ọmọ yìí ti lo ọdún kan àbọ̀ lọ́dọ̀ mi, kò dárúkọ ìyá yẹn rí.

Ọ̀kan nínú àwọn màmá ìjọ wa ló wá gbé aṣọ tí wọ́n fẹ́ kí n fi síìpù sí wá, wọ́n bá wa lẹ́nu ìwé. Wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ta ló ṣẹlẹ̀ sí?” Mo ní kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan, mà, ìtàn àròsọ ni. Wọ́n ní, “Irọ́ lẹ wá ń kà fún ọmọ ọlọ́mọ, tí Bíbélì wà nílẹ̀?” Wọ́n gbé aṣọ sílẹ̀, wọ́n lọ. Nígbà tó di Sọ́ńdè, ìyá méjì nínú ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní iṣẹ́ làwọn mú ọmọ wá kọ́, àwọn ò mú wọn wá gbọ́ àlọ́.

Ṣé kí n dá a dúró ni? Àbí kí n kúkú máa ka àwọn ìwé ìwúrí, tó jẹ́ ìmọ̀ràn tààrà, kò ní ìtàn nínú?

Ìyá Ìbejì Kàbbà
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ dá a dúró, mà. Kì í ṣe pé mo bá màmá yẹn pè é nírọ́, ara mi ni mo mọ̀. Mo ti ka nọ́fẹ́ẹ̀lì onígbàgbọ́ débi tí ẹ̀wà jóná mọ́ ìkòkò lójú mi. Aago méjì òru, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kà á lábẹ́ aṣọ, kí ọkọ mi má baà jí. Tó bá di àdúrà àárọ̀, ẹnu mi á máa ṣe àmín, ọkàn mi á máa wò ó bóyá ọmọkùnrin yẹn máa padà wá fẹ́ ẹ.

Kò-sí-dátà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yẹn, ṣé wọ́n padà parí rẹ̀?

Télọ̀ Mọ́pà
@Kò-sí-dátà A ò tíì débẹ̀ 😂

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì
Okun o, ọmọ mi. Láti Ìsánlú ni mo ti ń kọ èyí, ẹ fara balẹ̀ fún mi, ọwọ́ mi ò yá lórí fóònù.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n gbà pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀, ó purọ́ fún mi. Ẹni tó ní “Àlọ́ o,” tí mo dá a lóhùn pé “Àlọ̀,” àwa méjèèjì ti mọ ohun tí a jókòó lé kó tó dé orí ìjàpá. Màmá bi yín, ẹ ní kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kankan. Irọ́ wo ló tún kù níbẹ̀?

Ẹ ṣí 2 Samuẹli 12. Dáfídì ti gba ìyàwó Ùráyà, ó ti jẹ́ kí wọ́n pa Ùráyà lójú ogun. Nátánì kò wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀sùn. Ìtàn olówó kan àti tálákà kan ló gbé wọlé, àti abo ọ̀dọ́ àgùntàn kan ṣoṣo tó ń mu nínú ife tálákà náà, tó ń sùn sí àyà rẹ̀. Àgùntàn yẹn kò sí níbì kankan láyé. Ṣùgbọ́n òun ló mú ọba bínú, tó fi dá ẹjọ́ ikú, láìmọ̀ pé orí ara òun lòun ń dá a lé. Ẹ tún wo Onídàjọ́ 9, igi ólífì, ọ̀pọ̀tọ́ àti àjàrà ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ bí ènìyàn, nígbà tí àwọn igi fẹ́ yan ọba. Ta ni nínú yín ló ti gbọ́ kí ólífì sọ̀rọ̀ rí?

Bàbá mi ní ìwé kan, Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, okùn ló fi dì í. Àròsọ ni láti òkè délẹ̀, ìtàn arìnrìn-àjò kan tó gbé ẹrù sẹ́yìn. John Bunyan ló kọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jáde lọ́dún 1678. Ọkùnrin náà ti lo ọdún méjìlá lẹ́wọ̀n nítorí ìwàásù. David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS rán sí Ìbàdàn, ló tú u sí Yorùbá. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: odindi Bíbélì Yorùbá kò tíì jáde nígbà yẹn, ọdún 1884 lòun jáde. Nígbà tí Titcombe, òyìnbó ajíhìnrere, fi máa dé Ẹ̀gbẹ́ lọ́dún 1908, ìwé àròsọ yẹn ti wà lédè wa. Tí irọ́ bá ni, àwọn ajíhìnrere ló kọ́kọ́ gbé e dé.

Ibi tí ẹrù ti já bọ́ lẹ́yìn arìnrìn-àjò náà níbi àgbélébùú, bàbá mi kì í lè kà á kọjá. Á yọ awò, á fi etí bùbá nù ún, á tún gbé e wọ̀, á ní kí èmi máa kà á lọ.

Ìyá Ìbejì Kàbbà
Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹsẹ mẹ́rin péré ni ìtàn Nátánì. Tèmi jẹ́ ojú ewé irínwó!

Tíṣà Tó Ti Fẹ̀yìntì
Ẹ mú mi níbẹ̀ 😀

Ọmọ Gbẹ̀dẹ
Ti ìwé ìwúrí tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ lèmi fẹ́ bá yín sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ṣọ́ra. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn mo ra ọ̀kan, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán, wọ́n fi idì sójú rẹ̀. Ó ní kí n máa fojú inú rí ilé tí mo fẹ́, kí n fi ẹnu pè é, kí n fún irúgbìn tó máa dùn mí. Gbogbo owó kajú mi tọdún yẹn ni mo fún. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, mi ò rí owó san fún àwọn tó máa bá mi kọ ebè. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn mú ìwé náà, ó fi ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná tí afẹ́fẹ́ máa ń gbá. Ibẹ̀ ló ṣì wà.

Ìtàn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ̀ ń kà yẹn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Kò sì ṣèlérí.

Aya Olùṣọ́
Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló sọ̀rọ̀ gidi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ohun tí ẹ máa ṣe lọ́la.

Ẹ lọ bá màmá yẹn nílé. Kí ẹ má ráńṣẹ́, kí ẹ má fi fóònù pè wọ́n. Ẹ mú ìwé náà dání. Màmá tó wọlé láàárín ìtàn, tí kò mọ ìbẹ̀rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kó rò? Àwọn ìyá ọmọ, ẹ ní kí wọ́n wá jókòó lọ́jọ́ kan.

Ẹ kọ́kọ́ máa kà á tán fúnra yín kí ẹ tó gbé e sábẹ́ igi. Orúkọ “onígbàgbọ́” tó wà lára ìwé kò ní kí ohun inú rẹ̀ bá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún mu. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé ìfẹ́ ọ̀dọ́ ló kún inú rẹ̀, àdúrà kan ṣoṣo ló wà lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Ẹ sì fi àsìkò sí i. Tí iná bá ti dé, ẹ pa ìwé dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó dùn jù lẹ wà. Iṣẹ́ ni wọ́n san owó lé lórí lóòótọ́.

Kò-sí-dátà
Ibi tó dùn jù kẹ̀? Ìyẹn le o, mà.

Télọ̀ Mọ́pà
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo lọ sílé màmá. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Nígbà tí mo dé orí ilẹ̀ bàbá, ọwọ́ wọn dúró nínú atẹ. Wọn ò sọ pé ó dára, wọn ò sì pè é nírọ́ mọ́. Wọ́n ní kí n máa kí ọkọ mi.

Nínú ìyá méjì yẹn, ọ̀kan wá jókòó lábẹ́ máńgòrò ní Tọ́sìdeè, ó sì bá wa gán bùbá méjì. Èkejì ti mú ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Ó dùn mí, ọwọ́ ọmọ yẹn mọ́ níbi ọrùn aṣọ.

Kò-sí-dátà, orí méjì ló kù. Síìpù màmá ti ṣe tán láti ọjọ́ kẹta, mo fi kọ́ sára ògiri. Wọ́n ní kí ọmọ má wá gbà á, àwọn fúnra wọn ló máa wá lọ́sàn-án.