Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn gún ọmọ mi lẹ́sẹ̀, ta ni kí n fẹjọ́ sùn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìkéré-Èkìtì ni mò ń gbé. Lánàá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò gún ọmọ mi, ọmọ ọdún 6, lẹ́sẹ̀ ní ààtàn ẹ̀yìn ilé ìwòsàn aládàáni kan. Mo débẹ̀ fúnra mi: síríǹjì, òwú ẹlẹ́jẹ̀, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ tí ewúrẹ́ ń jẹ. Ara mi bù máṣọ!

Ilé ìwòsàn ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà HIV fún un kí wákàtí 72 tó pé; ọjọ́ 28 ni yóò fi lò ó. Ẹni tó ni ilé ìwòsàn aládàáni náà ní àìgbọràn ọmọ ló fà á. Ṣebí inú àpótí líle ló yẹ kí abẹ́rẹ́ wà! Ṣé ìjọba ìbílẹ̀ ni kí n lọ bá, àbí iléeṣẹ́ ètò ìlera ní Adó? Mo ti ya fọ́tò ààtàn náà.