Aáyù, atalẹ̀ àti efinrin nínú ìkòkò kan: èwo ni iná ń bà jẹ́?

Olùbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Odidi aáyù, atalẹ̀ àti ewé efinrin ni mo máa ń sè pọ̀ fún wákàtí kan, láìdé ìkòkò. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé, ṣùgbọ́n àgbo náà kì í ta lẹ́nu. Kí ló fà á? Ṣé mo sì lè fi atalẹ̀ gbígbẹ rọ́pò tútù?

Ìyá Eléwé-ọmọ: Òórùn tó gba ilé yẹn gan-an ló yẹ kó wà nínú àgbo. Òróró ara efinrin máa ń bá oru omi lọ ni. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi hó, ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀, ẹ wá da ewé sí i, kí ẹ dé e pinpin fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Omi tó bá sun sára ìdérí, ẹ gbọ̀n ọ́n padà sínú ìkòkò, òróró wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kí ewé gbẹ, abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí.

Apòògùn: Ti aáyù ló burú jù. Allicin, èròjà tó ń ta, kò sí nínú odidi aáyù. Alliin, èròjà tó wà nínú odidi aáyù, àti ẹ́ńsáìmù (ohun tó ń yí èròjà kan padà sí òmíràn) tó ń sọ ọ́ di allicin kò sí lójú kan náà. Ìgbà tí a bá gún aáyù ni wọ́n ń pàdé. Bí odidi rẹ̀ bá bọ́ sínú omi híhó, ẹ́ńsáìmù á ti kú kí wọ́n tó pàdé. Ẹ gún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá dà á sínú àgbo tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ má fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀, kíkan rẹ̀ náà ń pa ẹ́ńsáìmù. Ẹ má sì tọ́jú aáyù tútù sínú òróró láìsí fíríìjì: kòkòrò botulism ń dàgbà níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, ó sì lè pa èèyàn.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Atalẹ̀ ńkọ́?

Apòògùn: Tiẹ̀ yàtọ̀. Gingerol, èròjà tó ń mú kí atalẹ̀ ta, ló pọ̀ nínú tútù; bó bá ti ń gbẹ, tàbí tó pẹ́ lórí iná, díẹ̀ nínú gingerol á di shogaol, tó ta jù ú lọ. Ẹ lè fi gbígbẹ rọ́pò, àmọ́ ẹ dín ìwọ̀n kù: omi ló pọ̀ jù nínú tútù, gírámù 10 gbígbẹ á tó nǹkan bí 50 tútù.

Ìyá Eléwé-ọmọ: Kí ẹnikẹ́ni má wá torí èyí máa rẹ èèpo igi sómi tútù o. Èèpo àti gbòǹgbò le, wọ́n nílò iná.

Apòògùn: Òótọ́ ni, ewé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Ṣáínà, ọdún 1971, ether, ohun olómi tó máa ń tètè di oru, ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Tu Youyou fi yọ oògùn ibà lára ewé qinghao, nítorí iná ń ba èròjà rẹ̀ jẹ́. Ether ń hó ní nǹkan bí 35°C péré, nítorí náà kò gba iná púpọ̀. Ẹni tó bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó mu àgbo aáyù àti atalẹ̀ yìí.