Lórí "ìgbẹ́kùúwọ̀": ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kú sílẹ̀ fún ará ọ̀run

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀rẹ́ tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ń jẹ lọ́kàn, mo kí yín láti Ọ̀yọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ dá sílẹ̀ ni mo fẹ́ fèsì sí. Wọ́n ní àwọn ọ̀rẹ́ wọn kan jókòó ní Tákíé, wọ́n ń ṣèrántí Sean Connery, òṣèré ọmọ Skọ́tlándì tó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2020 lẹ́ni 90 ọdún. Ìrántí di iyàn: láàárín Connery àti Roger Moore, òṣèré ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló ṣe James Bond, ẹ̀dá ìtàn inú ìwé àti fíìmù, dáa jù? Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ méjì ti há wọn lẹ́nu. Kí ni ká máa pe iṣẹ́ tí Bond ń ṣe? Kí sì ni ká máa pe bí òṣèré kọ̀ọ̀kan ṣe gbé ẹ̀dá ìtàn kan náà jáde? Ẹ̀gbọ́n dábàá "ìgbẹ́kùúwọ̀" fún èkejì.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Amí ni. Ẹni tó ní ká lo ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, mo gbọ́ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn DSS, àjọ ààbò abẹ́lé ìjọba Nàìjíríà, ni rédíò ń pè bẹ́ẹ̀, àti ọlọ́pàá tí kò wọ aṣọ iṣẹ́. Inú ìlú tirẹ̀ ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń ṣọ́ ènìyàn. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni amí ń lọ: àwọn 12 tí Mose rán sí Kenaani, àwọn méjì tí Rahabu fi pa mọ́ sórí òrùlé. Ẹnì kan tún mú ìlàrí, ìránṣẹ́ Aláàfin, wá. Rárá o. Wọ́n máa ń fá apá kan orí ìlàrí kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹnu ọba ló ti ń bọ̀. Ẹni tí oníbodè dá mọ̀ láti òkèèrè kò lè ṣe amí.

Èkejì ló gba àrójinlẹ̀. Kí n kọ́kọ́ yin ẹ̀gbọ́n: wọ́n hun ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí "kọ́ ẹ̀kọ́" ṣe di kẹ́kọ̀ọ́ ni "gbé ẹ̀kú" ṣe di gbẹ́kùú, kò sí àléébù níbẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ náà dùn létí: ẹ̀kú kan, ènìyàn púpọ̀ tó ń gbé e wọ̀. Connery gbé e wọ̀ lọ́dún 1962, ó bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́yìn fíìmù ti 1967, George Lazenby wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré lọ́dún 1969, Connery padà wá lọ́dún 1971, Moore sì gbà á láti 1973 títí di 1985.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún 1983. Lọ́dún yẹn, Moore ṣe Bond, Connery náà ṣe Bond nínú fíìmù mìíràn tí ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ gbé jáde. Ẹni méjì kì í wà nínú ẹ̀kú kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìdí kejì wúwo lọ́kàn mi ju ìyẹn lọ. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, eégún kan kọjá níwájú ilé wa lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán, mo nàka sí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ dárúkọ ẹni tí mo rò pé ó ni ín. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì jáde tí ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ará ọ̀run ni. A kì í sọ pé ènìyàn wà nínú ẹ̀kú, áńbọ̀sìbọ́sí ká máa jiyàn lórí ta ló wọ̀ ọ́ dáa jù. Bẹ́ẹ̀ iyàn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí à ń wá yìí fẹ́ ṣiṣẹ́ fún! Ẹ̀kú ń bo ojú. Ojú Connery àti ojú Moore ni àwọn ará Tákíé ń rántí.

"Ipa" tí a ti ń lò kò sì tó. Ipa Bond ẹyọ kan ni, ẹni tó bá gbà á ló ń kó o.

Àbá tèmi nìyí. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ ti ń lo ìfìwàwẹ̀dá: òǹkọ̀wé fi ìwà wọ ẹ̀dá ìtàn. Iṣẹ́ Ian Fleming nìyẹn, ẹni tó kọ ìwé Bond àkọ́kọ́ lọ́dún 1953. Òṣèré kò fún ẹ̀dá náà ní ìwà, ara ló fún un. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìfarawẹ̀dá.

Ara yẹn ló sì fa iyàn. Ẹni ọdún 32 ni Connery nígbà tí fíìmù Bond rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ó ń rìn bí ẹkùn tó ti rí ẹran. Ẹni ọdún 45 ni Moore nígbà tí fíìmù Bond tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Irun òkè ojú kan ni yóò gbé sókè, ẹ̀rín yóò sì ti borí ewu. Lórí Moore ni mo ti mọ Bond, nínú fídíò ní pálọ̀ àbúrò bàbá mi, òun sì ni mo fẹ́ràn jù títí dòní. Síbẹ̀, ohun kan wà tó mú mi júbà Connery. Fleming kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Nígbà tó rí i lójú agbo, ọkàn rẹ̀ yí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1964 pé ọmọ Skọ́tlándì ni bàbá Bond. Ara tí Connery fi wọ ẹ̀dá yẹn ti wọ̀ ọ́ débi pé òǹkọ̀wé tó ṣẹ̀dá rẹ̀ padà lọ tún ìdílé rẹ̀ kọ. "Ipa" kò lè ru ìtàn yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sẹ́nu ní Tákíé kí ẹ tó dá a nù: "Ìfarawẹ̀dá ti Connery le, ti Moore tutù." Ohùn ìsàlẹ̀ orí "wẹ̀" ni kí ẹ ṣọ́ o. Bí "wẹ̀dá" bá fi lè di "wé" lẹ́nu, ìfarawé la sọ yẹn, Moore kò sì fara wé Connery rí.